Dírílì Tí Mo Fi Irọ́ Rà

Irọ́ ni mo kọ́kọ́ pa fún ọkùnrin tó padà di ọkọ mi.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan níta. N kì í tètè wọ ibi tí mi ò tíì mọ bí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe ń tì. Ó ń fi àkísà nu irin kan. Ó gbójú sókè.

"Ẹ káàsán mà. Ẹ wọlé, kò sí ajá níbí."

"Dírílì ni mo fẹ́ rà," mo ní. "Èyí tí kò ní wáyà. Ilé ni mo fẹ́ máa lò ó sí."

"Kí lẹ fẹ́ lu?"

Ìbéèrè yẹn bá mi lójijì. Mo rò pé owó nìkan ni wọ́n ń béèrè ní ṣọ́ọ̀bù.

"Kọ́tìnnì," mo ní. "Mo fẹ́ gbé kọ́tìnnì kọ́."

Kò sí kọ́tìnnì kankan. Ìdábùú irin ni mo fẹ́ fi sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá mi, láti inú, kí n lè máa sùn. Mo lè pe káfíńtà. Ṣùgbọ́n káfíńtà á wọ yàrá, á wo ibi tí mo fẹ́ ẹ sí, á béèrè ẹni tí mo ń sá fún. Ẹni náà sì ti kú láti ọdún mẹ́fà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ìyẹn fún káfíńtà?

Ọkùnrin náà to dírílì mẹ́ta sórí káńtà. Ó ní kékeré yẹn fúyẹ́, pákó àti súkúrù niṣẹ́ rẹ̀. Èyí àárín, bó ṣe ń yí ló ń gbá ògiri lẹ́sẹ̀ kan náà, búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré ni tirẹ̀. Ńlá yẹn, àwọn tó ń kọ́lé ló ni ín. Mo nawọ́ sí ńlá.

Ó rẹ́rìn-ín. "Òun ni gbogbo ènìyàn ń nawọ́ sí. Ó dáa, ẹ gbé e. Ẹ na apá yín síwájú gbọọrọ. Ẹ kà dé ọgbọ̀n."

Bó ṣe ń ta dírílì nìyẹn. Kò ní gbowó lọ́wọ́ ẹni tí kò bá tíì na apá kà dé ọgbọ̀n. Ó ní ẹni tó bá ra èyí tó wúwo jù, ìgbà tó bá dórí àga tó ń lu òkè ògiri ni ọwọ́ rẹ̀ á já a sílẹ̀. Mo kà dé mọ́kànlá, apá mi ń gbọ̀n. Ojú tì mí. Ilé ìfọṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, aṣọ ni mò ń lọ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, mo ti rò pé ọwọ́ mi le.

"Áyọ́ọ̀nù ń sinmi lórí aṣọ, mà," ó ní nígbà tí mo sọ fún un. "Ògiri ò ní bá yín gbé dírílì."

Mo gbé kékeré. Mo kà dé ọgbọ̀n, kò ṣe mí ní nǹkan kan.

"Ó tó fún kọ́tìnnì," ó ní.

Mo mọ̀ pé kò tó. Kọnkéré ni wọ́n fi ṣe ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mi. Ṣùgbọ́n tí mo bá lanu báyìí, irọ́ mi á tú. Mo sanwó. Ó fi òrùka kan tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ hàn mí lọ́rùn dírílì náà. "Súkúrù kékeré, nọ́ńbà kékeré. Ẹ má fi agbára bẹ̀rẹ̀. Tó bá kọ̀, ẹ jẹ́ kó kọ̀."

Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn délé. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé kí n jẹ́ kí nǹkan kọ̀.

Ó kọ̀ lóòótọ́. Mo fi ti ògiri, ó ń ké bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú, ihò náà ò jìn ju èékánná lọ. Irin ẹnu rẹ̀ dúdú, ó ń rùn. Mo gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an, mi ò tiẹ̀ pààrọ̀ aṣọ.

Ó yẹ ẹnu irin náà wò. Ó wo èmi náà.

"Kọ́tìnnì yín mà le o."

Mo gbọn eruku ara aṣọ mi.

"Mà, ẹni tó bá ń gbé kọ́tìnnì kọ́, orí ni eruku ń dà sí. Àyà yín ni eruku tiyín mọ. Ilẹ̀kùn lẹ̀ ń lu, àbí?"

Mo yí padà, mo fẹ́ máa lọ.

"Mi ò béèrè ìdí o," ó sọ̀rọ̀ sí mi lẹ́yìn. "Ọ̀rọ̀ dírílì nìkan ni tèmi."

Ó gba kékeré yẹn, ó fún mi ní èyí àárín. Ó ní kí n na apá. Mo di eyín mọ́ra, mo kà á dé ọgbọ̀n, òun náà ń bá mi kà á jẹ́jẹ́. Lọ́jọ́ yẹn ni mo fi ìdábùú mi sípò. Mo sùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ẹni tó jókòó tì mí níbi iṣẹ́, obìnrin ẹlẹ́nu kan ni, Rédíò ni gbogbo wa ń pè é. Kò pẹ́ tó fi rí i pé mo ń gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

"Súkúrù mélòó ni yàrá kan ń jẹ?" ó bi mí. "O ra lọ́jọ́ Ajé. O ra lánàá. Ṣé ọkọ̀ ojú omi lò ń kàn ni?"

"Ó ń bọ́ lọ́wọ́ mi ni."

"Onídírílì yẹn náà ti wá síbí. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá o lẹ́nìkan."

Áyọ́ọ̀nù fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. "Sọ fún un pé mo ti darúgbó."

"Mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun náà ti darúgbó."

Bí Rédíò ṣe di alárinà wa nìyẹn. Tó bá ti fẹ́ rí mi, Rédíò ló ń rán. Tí mo bá fẹ́ kọ̀, Rédíò náà ni, ṣùgbọ́n n kò mọ iye ìgbà tó gbé ìkọ̀ mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò bímọ, òun àti ìyá rẹ̀ ló ń gbé. Mo máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn iṣẹ́. Mo ṣọ́ ọ dáadáa. Mo ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ tí oníbàárà bá bú u. Mo ṣọ́ ojú rẹ̀ tí nǹkan bá fọ́. Lọ́jọ́ kan tí òjò lé wa wọlé, ó gbé àga rẹ̀ kúrò láàárín èmi àti ilẹ̀kùn, ó lọ jókòó sí kọ̀rọ̀. Mi ò ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, tó bá ti rìnrìn àjò lọ kó ọjà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń lọ kọ́là kan kí n tó mọ̀ pé mo ti lọ̀ ọ́.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ tí a ti mọra, mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, mo bá irin tuntun lára ilẹ̀kùn mi. Ìdábùú ni, ó nípọn bí àtàǹpàkò. Súkúrù mẹ́jọ ló dì í mú, àgádágodo tuntun sì rọ̀ mọ́ ọn.

Ìta ni wọ́n fi sí.

Ẹ̀yin tí wọn ò tì mọ́lé rí, ẹ lè máa rò pé ó dáa bẹ́ẹ̀, kí olè má baà wọlé tí mo bá wà níbi iṣẹ́. Ohun tí Onídírílì náà rò nìyẹn. Òun àti Rédíò ni wọ́n jọ gbìmọ̀ pé kó yà mí lẹ́nu. Ẹni tó ń ta irin, tó bá fẹ́ràn ènìyàn, irin náà ló máa gbé wá fún un. Ṣùgbọ́n ojú mi ò rí ìfẹ́ níbẹ̀. Àgádágodo ni mo rí. Mi ò wọlé. Mo yí padà, mo rìn títí orúnkún mi fi ń dùn mí, mo bá ara mi nílé ọmọbìnrin mi, tó ń ṣe akọ̀wé nílé ìwòsàn.

"Màámi, ta ló lé yín? Ṣé Onídírílì yẹn nà yín ni?"

"Ó fi irin sí ìta ilẹ̀kùn mi."

Ọmọ mi jókòó. Òun náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tó wà ní kékeré, a jọ máa ń wà nínú ilé títí bàbá rẹ̀ á fi tibi iṣẹ́ dé tí á wá ṣí wa sílẹ̀.

"Ẹ má padà síbẹ̀," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́. Kí lẹ tún ń wá lọ́wọ́ ọkùnrin? Ẹ ti jẹ tiyín. Ẹ wá bá mi gbé."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fojú kan Onídírílì. Rédíò bẹ̀ mí títí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀: "Ẹnu mi tó ń sọ gbogbo nǹkan, kò bi ọ́ ní èyí tó yẹ kó bi ọ́." Lẹ́yìn náà ni Onídírílì fúnra rẹ̀ wọ ilé ìfọṣọ wá, ó dúró nínú ooru tó ń jáde lára aṣọ.

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ yọ ọ́."

"Kí n yọ kí ni?"

"Irin yẹn. Ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀."

Kò béèrè nǹkan mìíràn. Nígbà tí mo dé yàrá mi ní ìrọ̀lẹ́, ó ti yọ ọ́, ó ti dí ihò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó ti fi sáńpépà ha ojú wọn. Ó jókòó sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó jìnnà sí ilẹ̀kùn. Mo jókòó lókè rẹ̀, àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà láàárín wa. Mo sọ fún un. Mo ní ọdún mọ́kànlá ni ọkọ mi fi ń tì mí mọ́lé láti ìta tó bá ń lọ síbi iṣẹ́, pé ó ní òun fẹ́ràn mi jù. Mo sọ bí a ṣe ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ sínú póò, tí a ń ki aṣọ sábẹ́ ilẹ̀kùn kí òórùn má baà jáde. Mo sọ púpọ̀.

Ó fi ọwọ́ bo ojú. "Èmi tí mò ń bi gbogbo ayé pé kí ni wọ́n fẹ́ lu," ó ní. "Mi ò bi ọ́."

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó bi mí bóyá mo lè fẹ́ òun. Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àyàfi ọjọ́ tó kẹ́yìn. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ bi mí léèrè ọjọ́ yẹn. Màmá ti gbọ́ nǹkan lẹ́nu àwọn ẹbí ọkọ mi. Ó ní kí n wá. Mo jókòó sórí àga tó sún mọ́ ilẹ̀kùn jù nínú pálọ̀ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Wọ́n ní ẹnu ilẹ̀kùn rẹ ni ọkọ rẹ kú sí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Wọ́n ní o wà nínú ilé, o sì gbọ́ ọ."

Mo lè parọ́. Irọ́ mi ṣe tán lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ń wò mí, ojú rẹ̀ ò ṣọ́ mi, ó kàn ń dúró ni, bó ṣe máa ń dúró tí oníbàárà bá ń kà. Mo mọ̀ pé tí mo bá parọ́ wọ ilé rẹ̀, màá máa gbé nínú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé.

"Aago méjì ọ̀sán ni," mo ní. "Ó tètè dé lọ́jọ́ yẹn. Mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́ lára àgádágodo. Mo gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà òun fúnra rẹ̀ ṣubú. Ó pè mí lẹ́ẹ̀kan."

"O ò pariwo?"

"Mo pariwo, Màmá. Àwọn ará ilé sì sáré wá."

"Ìgbà wo lo pariwo?"

"Mò ń lọ aṣọ lọ́wọ́. Ẹ̀wù rẹ̀ kan wà lórí tábìlì. Mo lọ ẹ̀yìn rẹ̀, mo lọ iwájú. Mo lọ apá méjèèjì. Mo lọ kọ́là. Ìgbà tí mo gbé e kọ́ tán ni mo pariwo."

Iṣẹ́ mi ni, mo mọ bí ẹ̀wù kan ṣe ń pẹ́ tó. Dókítà ìgbà yẹn ní bóyá wọn ì bá rí i gbà là tí wọ́n bá tètè gbé e dé, ó tún ní bóyá kò ní yàtọ̀. Bóyá méjèèjì ni mo gbé délé.

Màmá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "O gbọ́ ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ?"

"Mo gbọ́, Màmá. Ọdún mọ́kànlá ni ọkùnrin náà fi tì í mọ́lé."

"Èmi náà gbọ́ ìyẹn. Obìnrin ni mí, mo káàánú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo bí. O ti lé ní àádọ́ta, ẹ̀jẹ̀ rẹ ń ru. Lọ́jọ́ tó bá gbé ọ ṣubú nínú ilé yìí, ẹ̀wù mélòó ni yóò lọ̀ kó tó ké?"

Mo dìde. Kò sẹ́ni tó dá mi dúró. 

Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá. Mo ti ń di ẹrù mi láti lọ bá ọmọ mi gbé nígbà tí Onídírílì wá. Ó ti rù.

"Mo ti rò ó," ó ní. "Mo ṣì fẹ́."

"Ṣé ẹ ò bẹ̀rù mi ni?"

Ó wo ẹrù tí mo ti dì. "Mo ṣì fẹ́," ó tún ní.

Ìdáhùn yẹn kọ́ ni mo béèrè. Mo mọ̀, mo sì gbà á. A lọ kọ orúkọ wa sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìgbéyàwó, níwájú akọ̀wé kan tí kò gbójú sókè. Rédíò sunkún, ọmọ mi dúró bí ọlọ́pàá. Màmá ní orúnkún ń dun òun, kò wá.

Mo kó wọ ilé wọn. Màmá wà ní yàrá iwájú, àwa wà lẹ́yìn. Mo ní kí ilẹ̀kùn tiwa má ní ìdábùú rárá, nínú tàbí níta, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi ṣe mí dáadáa. Ẹ má gbọ́ ohun mìíràn lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n tó bá wúkọ́, á yára wo ojú mi, á sì yára gbójú kúrò. Kò mọ̀ pé mo ń rí i. Màmá kì í bú mi. Tí mo bá ti ń lọ aṣọ, á wá jókòó sí pálọ̀, kò ní ṣe nǹkan kan, á kàn jókòó.

Ní oṣù karùn-ún tí mo débẹ̀, Rédíò fà mí sí kọ̀rọ̀.

"Ṣé àlàáfíà wà? Mo kọjá ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án. Ọkọ rẹ tẹ́ páálí sílẹ̀, ó dùbúlẹ̀, ó ń fọwọ́ pa àyà. Ẹni tó ń ta aago lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin rẹ̀ nìyẹn."

Mo bọ́ epírọ̀nù, mo lọ. Ó ti ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ gbayawu, ó dùbúlẹ̀ síbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ti lè rí i. Ilé ò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

"Kí ló dé tí ẹ ò wá sílé?"

"Oníbàárà lè dé."

"Ẹ wò mí."

Ó wò mí. Omi wà lójú rẹ̀. "Kì í ṣe pé mi ò gbà ọ́ gbọ́," ó ní. "Ara mi ni kò tíì gbà. Tí àyà mi bá ti ta báyìí, ara mi á gbé mi wá síbi tí èrò wà."

Ara tèmi náà, ilẹ̀kùn ló ń kọ́kọ́ wò níbikíbi tó bá dé. Mi ò lè bá a jà sí i. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n fún un lóògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ní kó máa sinmi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sinmi nílé. Ṣùgbọ́n ó ń ṣí fèrèsé.

Ọjọ́ Àìkú kan, ó ní òun fẹ́ fi pẹpẹ kan sára ògiri ilé ìdáná, kí n lè máa gbé ìkòkò lé e. Dírílì mi ló gbé. Mo wà ní yàrá, mò ń ká aṣọ, mo ń fetí sí i. Á lu díẹ̀, á dúró, á fẹnu fẹ́ eruku. Á tún lu. Lẹ́ẹ̀kan náà ni dírílì náà fà sẹ́yìn, ó kérora, ó dákẹ́. Mo retí kó fẹ́ eruku. Kò fẹ́ ẹ.

Mo pariwo.

Mi ò mọ̀ pé irú ohùn bẹ́ẹ̀ wà nínú mi. Aṣọ wà lọ́wọ́ mi tí mo fi ń sáré, mo ń pariwo, mo ń pe gbogbo àdúgbò. Onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì títì sáré wọlé pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́, oníbàárà rẹ̀ tẹ̀ lé e, ìdajì orí rẹ̀ ni wọ́n tíì fá. Obìnrin kan wá tòun ti ọṣẹ lápá. Màmá, orúnkún rẹ̀ tó ń dùn un yẹn, ó sáré.

Ọkọ mi dúró láàárín ilé ìdáná, eruku bo irùngbọ̀n rẹ̀, bátìrì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bátìrì ló kú," ó ní.

Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, bátìrì lẹ̀ ń sunkún lé lórí tó báyìí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín jáde, ẹni tí wọ́n fá ìdajì orí rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín jù.

Ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó na ẹsẹ̀. Mo jókòó tì í. Mo ń bi ara mi bóyá nítorí rẹ̀ ni mo ṣe pariwo, àbí nítorí ìbéèrè tí Màmá máa bi mí tí mi ò bá pariwo.

Màmá di férémù ilẹ̀kùn mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìgbà wo ni ẹ̀rọ yẹn dákẹ́?" ó bi ọmọ rẹ̀.

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ ni, Màmá. Mi ò tíì yọ bátìrì tán tó fi ké."

Màmá wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà ó padà sí yàrá rẹ̀.

Ní báyìí, tí ọkọ mi bá ń ṣiṣẹ́ nílé, tí dírílì bá fẹ́ dákẹ́, á yára ké sókè pé, "Bátìrì ni o!" Èmi á dáhùn pé, "Mo gbọ́!" Màmá náà á sì dáhùn láti yàrá iwájú pé, "Èmi náà gbọ́!" Mi ò mọ̀ bóyá ọmọ rẹ̀ ló ń dá lóhùn, àbí èmi ló ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ọjọ́ kan tí òun kọ́kọ́ dáhùn ṣáájú mi.